Yíya omi, àpáta àti igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ ní àwòrán: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsọ̀kun (Ilésà)

Ẹ̀yin àgbà ayàwòrán àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ya àwòrán ìgbéyàwó, ìsìnkú àti oyè jíjẹ ní Ilésà àti agbègbè rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni ọkàn mi ti ń fà sí ohun mìíràn. Mo fẹ́ máa ya omi, àpáta, igbó àti òwúrọ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe nítorí pé mo rí i pé àwọn ibi tí a ń sáré kọjá lójoojúmọ́ ní ẹwà tí àwa ọmọ ibẹ̀ kò tíì fi àwòrán sọ tó bó ṣe yẹ.

Mo ti lọ sí Olúmirìn, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí. Nígbà àkọ́kọ́, agogo méjìlá ọ̀sán ni mo débẹ̀, oòrùn wà ní àtàrí, gbogbo omi inú àwòrán mi funfun bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, àpáta sì dúdú kirikiri, kò sí ohun kan tí ó ń mí nínú rẹ̀. Nígbà kejì, mo tètè dé, ṣùgbọ́n ìkán omi tó ń fọ́n láti ara àpáta bo ojú lẹ́ńsì mi láìjẹ́ pé mo fura, ilé ni mo ti rí i pé gbogbo rẹ̀ ṣú bàìbàì. Ọjọ́ kan tún wà tí mo ya àwòrán àǹtí ìyá mi nínú oko kòkó wọn ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ojú wọn sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, bí ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ ni àṣìṣe ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n kó wa láti ilé ìwé lọ sí Olúmirìn. Mo mọ bí ariwo omi náà ṣe máa ń pàdé ènìyàn lọ́nà kí ojú tó rí i. Síbẹ̀, àwòrán tí mo gbé bọ̀ dà bí èyí tí àlejò tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún dúró yà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ní láti mọ̀, kí sì ni mo ní láti yí padà?

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Obòkun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, nítorí pé òun ló rọrùn jù nínú ohun tí ẹ béèrè.

Kámẹ́rà kò mọ omi, kò sì mọ àpáta. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pò wọ́n pọ̀, yóò rí bí àwọ̀ eérú kan tí ó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e padà. Bí àpáta dúdú bá gba ibi tó pọ̀ nínú àwòrán, ẹ̀rọ náà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á wá ìmọ́lẹ̀ kún un, omi funfun á sì jóná. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìyàwó bá wọ aṣọ funfun tí ọkọ sì wọ agbádá dúdú, ẹ sì ti ń yanjú ìyẹn láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele kan (ìyẹn ni pé kí ó di ìdajì) sí ohun tí ẹ̀rọ dábàá, kí ẹ wo histogram, àtẹ kékeré ojú kámẹ́rà tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, láti dúdú ní apá òsì dé funfun ní apá ọ̀tún. Bí ó bá ṣì gun mọ́ ìkángun apá ọ̀tún, ẹ tún dín in kù. Ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tó tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí láìgé e kù. Ibi tó ṣókùnkùn ṣeé là sí i nígbà tí ẹ bá délé, ṣùgbọ́n funfun tó ti jóná kò ní ohun kankan nínú mọ́ tí ẹ lè gbà padà.

Ní ti bí omi yóò ṣe rí, ẹ̀yin lẹ ó pinnu. Bí ẹ bá ṣí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí ìdajì rẹ̀, omi náà á ṣàn bí òwú tí wọ́n ń ran, ẹ ó sì ṣì rí ọ̀nà tó gbà. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, ó máa ń di ìkùukùu lásán, èmi kò sì fẹ́ràn ìyẹn, nítorí pé agbára omi náà ti jáde kúrò nínú àwòrán. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìkán omi dúró lójú òfurufú bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ó nílò ìdá 500 ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún omi tó ń ṣàn bí òwú, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pọn dandan, kí ẹ sì fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó, sí 100, kí ihò ojú lẹ́ńsì kéré, ní f/8 tàbí f/11. Bí ẹ bá lówó fún fílítà kan péré, ìyẹn gíláàsì tí a ń fi síwájú lẹ́ńsì, ẹ ra èyí tí a ń yí lọ́wọ́ (polarizer ni wọ́n ń pè é), tó ń pa dídán orí omi àti ara ewé tútù. Ewé á tutù lójú, àpáta á sì fi àwọ̀ ara rẹ̀ hàn.

Ní ti àkókò, ilẹ̀ wa kò jìnnà sí àárín ayé, nítorí náà oòrùn wa kì í rọra wọ́ lọ lẹ́bàá ilẹ̀ bíi ti òkè òkun tí a ń kà nípa rẹ̀. Ó máa ń gòkè tààrà ni. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́ tí àwọn ìwé wọn ń ròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ tó wákàtí kan lọ́dọ̀ wa. Bí agogo méjìlá ni ẹ dé Olúmirìn, ẹ ti pẹ́ ní wákàtí mẹ́rin.

Ó wá ku ohun tí ẹ béèrè gan-an. Kí ẹ tó tún padà sí omi, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, kí ẹ wo iṣẹ́ amọ̀ àti idẹ àwọn baba wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ ni wọ́n wú jáde ní 1938 ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn kan nínú wọn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti ọ̀gangan iwájú, ìlà wọ̀nyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́; bí ó bá wá láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn á dìde, ojú náà á sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣe orí yẹn mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni yóò parí iṣẹ́ òun. Àpáta Olúmirìn náà ní ìlà tí omi ti fi ọdún àìlóǹkà kọ sí i lára. Ẹ wá ìgbà tí oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ojú-ọnà ni àwọn àgbà ń pe ojú tó ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń so ó pọ̀ mọ́ ìfarabalẹ̀, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́.

Arìnrìn-òkè (Ilésà)

Ọ̀gá olùkọ́ ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ronú lórí ìlà ara àpáta, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dúró lórí rẹ̀. Mo ti gun Olúmirìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìpele méje ni a máa ń kà á sí, ọ̀pọ̀ àlejò kì í sì kọjá èyí àkọ́kọ́, nítorí pé bí a ṣe ń gòkè ni ọ̀nà ń le sí i, tí a ó máa di gbòǹgbò àti òkúta mú. Ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, tí ó sì gbé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́, ti di ẹni tí kò ní ọwọ́. Èmi fúnra mi ti ṣubú rí níbẹ̀ nítorí pé mò ń wo inú kámẹ́rà nígbà tí mò ń gbé ẹsẹ̀. Lẹ́ńsì kan fọ́, orúnkún mi sì wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn, òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: bí mo bá ń rìn, kámẹ́rà wà nínú àpò; bí kámẹ́rà bá wà lójú mi, ẹsẹ̀ mi dúró gbọnin.

Ẹ wọ bàtà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ìlà jíjìn, kì í ṣe sálúbàtà. Àpáta tó dán tí ó sì ní ohun tútù aláwọ̀ ewé lára yọ̀ ju ọṣẹ lọ, èyí tó gbẹ tí ó rí hánhán ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀nà han àlejò níbẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé nípa ìgbà tí ẹ ó padà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ti òjò. Òjò lè máa rọ̀ lókè lọ́hùn-ún nígbà tí oòrùn ń ràn lórí yín nísàlẹ̀. Bí omi tó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti igi kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, tàbí tí ohùn omi náà yí padà tí ó ń dún wúwo, ẹ má ṣe ya àwòrán kankan mọ́. Ẹ fi odò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Kò sí àwòrán tó tó ẹ̀mí.

Ní ti ìkán omi tó bo lẹ́ńsì: ẹ mú aṣọ pẹlẹbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání nínú ọ̀rá, nítorí pé ẹyọ kan á ti tutù kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ẹ dojú lẹ́ńsì délẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá ṣe tán, kí ẹ nu ún kí ẹ tó tẹ ẹ, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn tí ẹ tẹ ẹ. Ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì lẹ́bàá omi. Bí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú àpò tó dé pa fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru ìta á di omi sára rẹ̀ nínú àti lóde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Fóònù nìkan ni èmi ní, mo sì fẹ́ kí àwọn bí tèmi mọ̀ pé ó ṣeé fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ omi Ọ̀pà nínú ọgbà yunifásítì wa ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ìkùukùu tó kúrò lójú omi. Mo kọ́ pé kí n fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù kí n sì dì í mú, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa yí padà. Kí n fi fóònù ti òkúta, kí n sì lo kíkà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ọwọ́ mi má baà mì ín. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àdán inú ọgbà máa ń gbéra lọ jẹun lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ni mo yà kí n tó rí ẹyọ kan tí wọ́n tẹ́ lójú ọ̀run bí lẹ́tà. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ọ̀run ni mo jẹ́ kí fóònù wọ̀n, mo sì jẹ́ kí àdán di òjìji.

Àgbẹ̀ Kòkó (Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà)

Èmi kì í ṣe ayàwòrán. Ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ yín fún mi, mo sì ní kí ó bá mi kọ èyí nítorí pé ẹ dárúkọ oko kòkó.

Ojú tó ní àwọ̀ ewé yẹn kò jẹ́ ìyanu fún àwa. Abẹ́ kòkó kò ní ojú ọ̀run. Ewé ló wà lókè, ewé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì dé ilẹ̀ ti gba ara ewé kọjá. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá kòkó ti pọ́n dáadáa, a kì í gbẹ́kẹ̀ lé ojú abẹ́ igi nìkan, a máa ń mú un jáde sí ibi tó ṣí. Ẹ mú àǹtí yín wá sí etí oko tàbí ojú ọ̀nà ibi tí a ti ń fọ́ kòkó, kí ẹ̀yìn wọn kọjú sí igi, kí ojú wọn kọjú sí gbangba.

Ẹ wá ní oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Ìgbà náà ni kòkó ń pọ́n lára igi, òjò ti ń dín kù, omi ṣì wà nínú odò, ojú ọ̀run sì mọ́ torí pé òjò ti fọ eruku kúrò. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo òkè á di eérú, ẹ kò ní rí òkè kejì. Ọmọ mi ní ìyẹn náà lẹ́wà nínú àwòrán, èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa béèrè kí ẹ tó wọ oko. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá lọ́dún tó kọjá, wọ́n gun igi mi láti wá àyè fún kámẹ́rà, wọ́n já òdòdó kòkó dànù. Ara èèpo igi ni òdòdó kòkó ti ń yọ, kì í ṣe lórí ẹ̀ka nìkan, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ha igi ti jẹ èso ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti kí mi ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá mú wọn lọ síbi tí àwòrán wà.

Nọ́ọ̀sì Agbègbè (Ilésà)

Bàbá wa kò dárúkọ ejò, mo sì mọ̀ pé ó wà lóko wọn. Ẹ wọ bàtà tó ga dé kókósẹ̀, ẹ má ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé gbígbẹ tàbí ihò àpáta láti gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró, ẹ má sì ṣe fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò lọ́wọ́ náà kí ó tó wú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá. Ní Ilésà, Wesley Guild ni ẹ̀ka ilé ìwòsàn yunifásítì tí ó wà nítòsí.

Ìyá Oníṣítúdíò (Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà fíìmù ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí ẹyọ 36 péré wà nínú ìdì kan tí a sì ń fi owó rà á. Ẹni tó ní ẹyọ 36 kì í tẹ ẹ́ kí ó tó wò. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n lọ sí ibi kan láìmú kámẹ́rà dání, kí wọ́n padà wá ròyìn ohun tí wọ́n rí fún mi; ẹni tí kò bá lè ròyìn rẹ̀ kò tíì ṣe tán láti yà á. A ń kì Ilé-Ifẹ̀ ní ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, mo sì mọ ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìlú yìí tí kò jí wo ojúmọ́ rí.

Ọmọ Ìsọ̀kun, o ní àwòrán rẹ dà bí ti àlejò. Èmi rò pé ìwọ ni o lọ bí àlejò. Tí o bá fẹ́ ya ìyá arúgbó, ṣé wàá wọlé kí o sì tẹ kámẹ́rà láìkí wọn? Omi náà ní ẹni tó ni ín. Ìtàn àwọn ará Ẹ̀rìn sọ pé Akínlà, ọmọbìnrin tó wá láti ìdílé Odùduwà, ni ó rí omi náà nígbà tí wọ́n ń wá ibùdó, ẹ̀rù sì bà á, ó ní olú mìíràn rèé. Kódà bí o kò bá bọ òrìṣà, mọ ìtàn yẹn kí o tó débẹ̀, béèrè ìgbà tí ó yẹ àti ibi tí kò yẹ, má sì ya ẹni tó ń wẹ̀ tàbí tó ń gbàdúrà láìgba àṣẹ. Ní ojúbọ àti níbi tí egúngún bá wà, àṣẹ ni àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ó di rárá nìyẹn, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ọmọ Ìsọ̀kun (Ilésà)

Ẹ ṣeun, màmá. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an. Ohun kan tún wà tó ń yọ mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ gbọ́ èrò gbogbo yín. Mo ya odò kan ní ọ̀nà Ìperíndó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láìsí òjò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi náà sì pọ́n bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Gbogbo wa mọ̀ pé wíwa wúrà tó ń lọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń rú ilẹ̀ sínú odò, tí omi Ọ̀ṣun fi pọ́n títí dé Òṣogbo. Mo lè yí àwọ̀ omi náà padà sí mímọ́ ní kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú méjì, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà ọmọdé. Ẹnì kan sọ fún mi pé iṣẹ́ ọnà ni, pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó tilẹ̀ ní ṣebí àwọn àgbà ayàwòrán wa ń fi ìbejì tó ti kú sínú àwòrán.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà (Ilé-Ifẹ̀)

Ìbéèrè ńlá nìyẹn, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan pa á. Iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò fìgbà kan rí jẹ́ ẹ̀dà ojú lásán. Ẹni tó ń gbẹ́ ère máa ń fi orí tóbi ju bí ó ṣe rí lọ nítorí ipò tí orí wà nínú ayé ènìyàn. Ní tèmi, yíyí ìmọ́lẹ̀, mímú un ṣókùnkùn tàbí yíyọ àwọ̀ kúrò pátápátá kí ó di dúdú àti funfun, kò burú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹ lè ya odò ìrántí yín, bí ẹ bá kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé odò ìrántí ni.

Ìyá Oníṣítúdíò (Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má bínú, ọ̀gá olùkọ́, n kò gbà. Jẹ́ kí n sọ ti ìbejì yẹn, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní àwọn ìlú wa mìíràn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya àwòrán wọn pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan, kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó tàn jẹ? Ìyá ọmọ mọ̀, bàbá mọ̀, gbogbo agboolé mọ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán náà mọ̀ pé ọ̀kan ti lọ, nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n fi yà á. Àwòrán náà kò fi ikú pamọ́, ó gba ikú sílé.

Odò tí o bá sọ di mímọ́ ní kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí i. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun yóò wò ó, yóò sọ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣì mọ́ tónítóní. Obìnrin tó ń pọn omi níbẹ̀ yóò wá di òpùrọ́ bí ó bá sọ pé omi ti bàjẹ́. Ohun tó wà lábẹ́ àwòrán kì í tẹ̀ lé e lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e lọ sí orí fóònù mìíràn, ọ̀rọ̀ á ṣẹ́ kù sílẹ̀, àwòrán nìkan á máa rìn. Jẹ́ kí ó pọ́n. Tí ọkàn rẹ bá bàjẹ́ bí o ṣe ń wò ó, àwòrán náà ti ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà (Ilé-Ifẹ̀)

Màmá, ẹ ti borí mi níbi ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ yẹn. Mo gbà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ ya odò kan náà láti ojú kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, lọ́dọọdún, nítorí pé odò máa ń pọ́n fúnra rẹ̀ bí àgbàrá bá wọ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè fi ìyẹn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi kun sàmì sí òkúta tí ẹ dúró lé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Arìnrìn-òkè (Ilésà)

Kí n má gbàgbé: ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀ nípa fífi dírónù ya òkè. Ẹ nílò àṣẹ láti Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò àti láti ọ̀dọ̀ NCAA tó ń ṣàkóso òfurufú. Ẹ má fi ṣeré, pàápàá lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà.

Ọmọ Ìsọ̀kun (Ilésà)

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ọjọ́rú ni mo lọ, nítorí kí èrò má baà pọ̀. Mo dé Ẹ̀rìn kí agogo méje òwúrọ̀ tó lù, mo kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo mú ọ̀dọ́ kan dání, mo sì ṣe ohun tí màmá ní kí n ṣe: mo jókòó fún wákàtí kan gbáko láìyọ kámẹ́rà. Ní bí ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ara mi kò balẹ̀, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Mo rí i pé omi náà kì í já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń pọ̀, ó máa ń dín kù, bí ẹni tó ń mí. Mo rí igi kékeré kan tí ó yọ láti inú ihò àpáta ní apá òsì, tí ìkán omi ń bà, tí ewé rẹ̀ kò sì fìgbà kan dúró. N kò rí igi yẹn ní ìgbà méjì tí mo kọ́kọ́ lọ.

Ẹyọ mọ́kàndínlógún péré ni mo yà. Oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ, ó sì fi ìlà ara àpáta hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá olùkọ́ ṣe sọ. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìpele kan ààbọ̀, mo ṣí ìlẹ̀kùn fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo sì fi igi kékeré náà ṣe ọkàn àwòrán, omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyọ kan ló dára nínú wọn. Nígbà tí mo fi han ọ̀dọ́ tó mú mi lọ, kò sọ pé ó lẹ́wà, ó ní, “Ibí ni ìyá mi ti máa ń jókòó sinmi bí wọ́n bá ń bọ̀ láti oko.”

Mo gba Ìpetu kọjá nígbà tí mò ń padà. Àǹtí wa wà létí oko, ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó. Mo ní kí wọ́n kọjú sí gbangba, mo ta aṣọ funfun kan sí apá tí ewé pọ̀ sí, kí àwọ̀ ewé má baà tún dé ojú wọn, mo sì dúró títí wọ́n fi gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n wo àwòrán náà lójú kámẹ́rà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní àwọ̀ ara àwọn nìyí, wọ́n sì ní kí n tẹ méjì jáde, ọ̀kan fún ara ògiri, ọ̀kan tí wọn yóò fi pamọ́ sínú àpótí aṣọ wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń gbé e lọ fún wọn.